Ipa ìwakùsà wúrà oníwọ̀nba lórí àyíká

Ìwakùsà wúrà oníwọ̀nba ni èyí tí àwọn èèyàn ń fi ṣọ́bìrì, dígà, igbá àti ẹ̀rọ kéékèèké ṣe. Ó wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 70, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìdílé. Ó ń ba ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́kúrì ni ìpalára rẹ̀ tó rìn jìnnà jù.

Wúrà inú òkúta lílọ̀ máa ń kúnná débi pé ọwọ́ kò lè ṣà á. Awakùsà á da mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, sínú ẹrẹ̀ òkúta náà, á sì pò ó pọ̀. Mẹ́kúrì á gbá wúrà mọ́ra. Wọ́n á fi aṣọ fún un, ìṣù kékeré kan tó funfun bíi fàdákà á ṣẹ́kù, wọ́n á sì gbé e kaná. Mẹ́kúrì á bá oru lọ, wúrà á kù nílẹ̀. Oru yìí kò ní àwọ̀, kò sì rùn; níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é nínú ilé, tọmọdé tàgbà ló ń fà á símú.

Èyí tó gòkè padà ń bá òjò wálẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń sọ ọ́ di methylmercury, irú mẹ́kúrì kan tó lóró gan-an, ó sì ń wọ ara ẹja. Ẹja ńlá tó ń jẹ kékeré ló ń ní in lára jù. Bí aboyún bá jẹ ẹ́, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ló ń fara gbá a. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2018 fi hàn pé iṣẹ́ yìí ló ń tú nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 mẹ́kúrì tí ọmọ aráyé ń tú sí afẹ́fẹ́.

Mẹ́kúrì nìkan kọ́ ni olóró. Ní Zamfara, ní Nàìjíríà, òjé ló wà nínú òkúta tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ ìlọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ láàárín agbo ilé, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lé. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, èyí tó hàn síta ní 2010. Ọdún 2013 ni wọ́n tó kó erùpẹ̀ olóró kúrò ní Bagega, ọ̀kan lára àwọn abúlé náà. Ó pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ òbí.

Igbó Madre de Dios ní Peru ti di ihòòhò ní ọ̀pọ̀ ibi, odò Pra ní Ghana sì ti pọ́n fún ẹrẹ̀. Kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdí ń gba omi òjò, ẹ̀fọn ń pamọ sínú rẹ̀.

Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ sí ṣètò láti dín mẹ́kúrì kù, kí wọ́n sì fòpin sí sísun ún ní gbangba àti láàárín ilé. Ìkòkò onídèérí tó ní páìpù lè mú oru náà, kí ó tún di mẹ́kúrì tí wọ́n á lò padà. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá gbé e kaná nìkan ni èyí wúlò. Kò kan mẹ́kúrì tó ti bá omi ìfọkùsà ṣàn lọ sódò.