Ṣé Kí Ireland Máa San Owó Ẹgbẹ́ CERN?

Lẹ́yìn ìpàdé ọmọ Yorùbá tó kọjá, bí a ṣe ń kó àga jọ lọ́wọ́, àbúrò wa kan tó ń wa takisí ní Dublin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kàwé físíìsì. Ṣé òótọ́ ni pé owó orí wa ni ìjọba ń kó lọ fún àwọn tó ń fọ́ ohun tí ojú ò rí ní Switzerland? Ilé tá a máa háyà ò sì sí nílùú!" CERN ló ń sọ, ibùdó ìwádìí físíìsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń dá owó fún. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Mi ò kì í fẹ́ dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn lórí ìdúró. Oúnjẹ mi ni físíìsì, ta sì ni ìyá alákàrà tó máa ní àkàrà òun ò dùn?

Ibi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ wa, ọ̀pá bàbà kan wà tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kò gùn ju èèyàn lọ. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, là ń fi agbára iná tì gba inú rẹ̀. Wọ́n á sáré débi pé díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, wọ́n á lọ forí sọ irin kékeré kan, ìtànṣán tá à ń fẹ́ á sì jáde. Aláìsàn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kò ní gbọ́ ju ìró kíkùn lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀rọ yìí ló wà ní CERN, lẹ́bàá Geneva. Tiwọn rí róbótó bí òrùka, kìlómítà 27 ni àyíká rẹ̀, ó wà ní nǹkan bíi mítà 100 nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó sì gba abẹ́ Switzerland bọ́ sí abẹ́ Faransé. Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń darí ohun tó ń sáré nínú rẹ̀ tutù ju òtútù tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lọ.

Kò sí orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ Yúróòpù tó lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè 12 fi para pọ̀ dá CERN sílẹ̀ lọ́dún 1954. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti mọ bó ṣe ń lọ. Owó tí wọ́n ń ná lọ́dún kan lé ní bílíọ̀nù kan owó Switzerland, kálukú ń dá tirẹ̀ bí ọrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣe mọ. Jámánì nìkan ń san nǹkan bí ìdá márùn-ún gbogbo owó náà. Àmọ́ nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́, ìbò kan ṣoṣo ni Jámánì ní. Estonia, tí èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún ní oṣù Ògún 2024, ìbò kan náà lòun náà ní. Mi ò mọ ẹgbẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ẹni kékeré.

Ilẹ̀kùn kejì tún wà fún ẹni tí kò fẹ́ san owó kíkún. Wọ́n á gbà á bí alábàáṣe, á máa san ó kéré tán ìdá mẹ́wàá owó tí ì bá san. Àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ lè gba iṣẹ́ onígbà díẹ̀ àti àyè ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ lè du kọngílá, àmọ́ iye tí wọ́n bá rí gbà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju iye tí orílẹ̀-èdè wọn ń san lọ. Kò sì ní ìbò. Ilẹ̀kùn yìí ni Ireland gbà wọlé ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì Yúrò lọ́dún.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀ o. Ernest Walton, ọmọ Dungarvan ní Waterford, wà lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn fọ́ inú átọ́ọ̀mù, lọ́dún 1932 ní Cambridge. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1951. Nígbà tí wọ́n ń dá CERN sílẹ̀, Walton ti padà sílé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Trinity College, Dublin. Ìlú tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà níta ẹgbẹ́ náà fún ọdún 71.

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ tẹnu àwọn tó ní kò yẹ kí wọ́n wọlé, torí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ohun tí CERN bá rí, gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n rí Higgs, ohun tíntìntín kan tí àwọn onímọ̀ ti ń wá tipẹ́, ní oṣù Agẹmọ 2012, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ka ìwé ìwádìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó san. Wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo wa ń tẹ̀ lórí fóònù, CERN ni Tim Berners-Lee wà nígbà tó gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1989. Nígbà tó di 1993, wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba owó. Kódà, kí Ireland tó wọlé, àwọn onímọ̀ láti University College Dublin ti wà lára àwọn tó ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò ńlá ibẹ̀. Tí aládùúgbò bá ń gbọ́únjẹ tó sì ń bù ú fún gbogbo àdúgbò, kí ni tèmi nínú owó èédú?

Ohun tí mo rí níbi iṣẹ́ ni mo fi máa fèsì. Lọ́dún kan, ẹ̀rọ wa kan dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ti rọra ń wọ inú ọ̀pá bàbà yẹn, ihò tó ń gbà wọlé kò sì ṣeé fojú rí. Àwọn aláìsàn jókòó sí gbọ̀ngàn, ẹlòmíì ti wakọ̀ wákàtí méjì wá, a sì ní láti dá wọn padà. Gbogbo ìwé ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì wa, a kà á tán, a tún un kà. Ọjọ́ kẹta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe tó wọlé láti òkè òkun. Ó so nǹkan kan mọ́ ọn, ó ń fẹ́ gáàsì hílíọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀ sí àwọn oríkèé ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà inú rẹ̀ fò sókè, ó ní, "Ibí ni." Mo bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ibùdó ìwádìí físíìsì kan nílùú òun lòun ti ṣe ọmọ iṣẹ́, ọdún méjì lòun fi wá irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ìwé wà lọ́wọ́ wa, ọwọ́ la ò ní. Àwárí CERN kò sí lábẹ́ títì, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń fa afẹ́fẹ́ jáde, bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀ tí kò fi ní jò, bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan di yìnyín, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ìsọfúnni rẹpẹtẹ kù sí ìwọ̀nba tó wúlò, ẹni tó dúró ti ọ̀gá ló ń mọ̀ ọ́n. Owó ìkọ́ṣẹ́ ni mo ka owó ẹgbẹ́ yìí sí.

Austria ló jẹ́ kó dá mi lójú. Ọdún 1959 ni wọ́n ti wọ CERN. Ní oṣù Ẹ̀bìbì 2009, mínísítà wọn tó ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, Johannes Hahn, ní àwọn ń jáde, pé owó náà ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì nínú ohun tí àwọn ní fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lókè òkun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí olórí ìjọba, Werner Faymann, fi ní a ò lọ síbì kankan. Ọdún 2016 ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní MedAustron gba aláìsàn àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Wiener Neustadt. Púrótọ́ọ̀nù, ohun tíntìntín mìíràn inú átọ́ọ̀mù, ni wọ́n kọ́kọ́ ń yìn lu jẹjẹrẹ níbẹ̀. CERN bá wọn ṣe ẹ̀rọ náà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àwọn ọmọ Austria tó kàn án ti lọ kọ́ ọ. Spain ní tiẹ̀ jáde ní 1969 nítorí owó, ó sì padà wọlé lọ́dún 1983.

Níbi tí èmi àti àwọn tó ní kí Ireland wọlé ti ń ta kora rèé. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé tí a bá ti sanwó tán, ó parí. Ẹni tó san owó ìkọ́ṣẹ́ tí kò fún ọmọ lówó ọkọ̀ ńkọ́? Tí ọmọ bá gba òmìnira tán tí kò sí ṣọ́ọ̀bù tó máa dúró sí nílé, Geneva ló máa jókòó sí, àwa la ó sì ti sanwó kíkọ́ ọmọ fún ẹlòmíì. Orílẹ̀-èdè kékeré tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní owó kejì nílẹ̀: àyè iṣẹ́ ní yunifásítì, owó àwọn tó ń kàwé gboyè, àti ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka ìwé kọngílá CERN, kó sì máa pe àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó lè ṣe é. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní owó kejì yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má tíì wọlé, àní ní owó alábàáṣe pàápàá. Ireland ní owó náà. Bóyá ó máa ná an ni mo ń wò.

Ní ti ilé, mo bá àbúrò wa ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù. Mílíọ̀nù méjì Yúrò, tí a bá pín in kárí gbogbo ará Ireland, kò tó ìdajì Yúrò lórí ẹnì kan lọ́dún. Ilé tó máa rà ní Dublin, bóyá mẹ́rin. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí mi fẹ́ràn kó máa tú rédíò palẹ̀. Ṣé wọ́n lè gba irú rẹ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ yunifásítì ná. Mo wá bi í bóyá ọmọ náà ní pásípọ́ọ̀tù Ireland.

"Ó ní in. Ibí la bí i sí."

Ó ní kí n tẹ orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp, kóun má baà kọ ọ́ ní àkọtì.