Kíkọ Ìwé Ìhágún Kì í Pe Ikú: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ìyá Ìjọ Tí Ọjọ́ Orí Wọn Ti Ń Gòkè

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wíìlì, sílẹ̀ láàárín àwọn ìyá ìjọ ní Òṣogbo, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Àwọn mìíràn á fi ọwọ́ yí orí ká, wọ́n á ta ìka dànù, wọ́n á sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé obìnrin tí ó bá jókòó, tí ó kọ bí a ó ṣe pín ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ikú, àti pé onígbàgbọ́ tòótọ́ a máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Bíbélì, kò sì bá ìṣe àwọn àgbà wa mu. Ìyá tí ó bá ṣètò ohun ìní rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le ń ṣe iṣẹ́ ìríjú tí Ọlọ́run gbé lé e lọ́wọ́ ni, kò pe ikú rárá.

Ẹsẹ Bíbélì tí a máa ń fi gbe ìgbàgbọ́ yìí lẹ́sẹ̀ ni Òwe 18:21, tí ó sọ pé ikú àti ìyè ń bẹ ní ipá ahọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka orí náà láti òkè dé ilẹ̀ yóò rí i pé ẹjọ́, aáwọ̀, òfófó àti ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tí ń dá ìjà sílẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé ètò tí ènìyàn bá ṣe sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò pa á. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìwé Òwe kan náà, ní 13:22, sọ pé ènìyàn rere a máa fi ogún sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó fún ìgbàgbọ́ náà lágbára jù ni ohun tí ojú ń rí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í rántí ọ̀rọ̀ ogún àfi ìgbà tí àìsàn bá ti dá ìyá dùbúlẹ̀, tí a wá ń sáré pe lọ́yà wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí ìyá bá wá dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé ni a ó dá lẹ́bi, a ó sì gbàgbé àìsàn tí ó ti wà ṣáájú ìwé. Àwọn tí wọ́n kọ tiwọn nígbà tí ara le, tí wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i, kì í polongo rẹ̀, nítorí náà a kì í gbọ́ ìtàn tiwọn.

Kí ìwé tó dé sí ilẹ̀ wa pàápàá, àgbàlagbà Yorùbá a máa pe àwọn ọmọ àti àwọn àgbà ẹbí jọ, a sì máa sọ lójú wọn bí òun ṣe fẹ́ kí a pín ohun tí òun ní, ẹni tí òun jẹ ní gbèsè, àti ẹni tí ó jẹ òun. Òfin ìbílẹ̀ ṣì ka irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀ sí, bí ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbára lé bá wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ka irú àgbà bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú.

Nínú Bíbélì, Ábúráhámù kò dúró di ọjọ́ ikú kí ó tó ṣètò ilé rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 25 sọ pé nígbà tí ó ṣì wà láàyè ni ó fi ohun gbogbo tí ó ní fún Ísáákì, tí ó sì fún àwọn ọmọ yòókù ní ẹ̀bùn tiwọn. Ọdún 175 ni ó sì lò láyé. Nígbà tí Aísáyà sọ fún ọba Hesekáyà pé "Palẹ̀ ilé rẹ mọ́", àìsàn ni ó ti kọ́kọ́ mú ọba, kì í ṣe ìpalẹ̀mọ́ ilé ni ó mú àìsàn wá, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run tí ó fún un ní àṣẹ yẹn kan náà ni ó fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀ nígbà tí ó gbàdúrà.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa jókòó tì dáadáa ni ti Dáfídì, ní orí kìíní ìwé Ọba Kìn-ín-ní. Dáfídì ti darúgbó, bí a ti ń fi aṣọ bò ó ni òtútù ṣì ń mú un, kò sì tí ì sọ ní gbangba ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí, Adóníjà ọmọ rẹ̀ fi ara rẹ̀ jọba, ó pa àgùntàn àti màlúù ṣe àsè, Jóábù olórí ogun àti Ábíátárì àlùfáà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nátánì wòlíì ni ó gba Bátíṣébà nímọ̀ràn pé kí ó wọlé tọ ọba lọ. Obìnrin náà sọ fún ọba láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ojú gbogbo Ísírẹ́lì ń bẹ lára rẹ̀ kí ó sọ ẹni tí yóò jókòó lórí ìtẹ́, àti pé bí ó bá sùn pẹ̀lú àwọn baba rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, a ó ka òun àti Sólómọ́nì sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ó dárúkọ ikú ọba ní ojú ọba. Dáfídì kò bínú sí i, kò sọ pé ó ń ṣépè fún òun, ó búra fún un, ó sì ṣe ohun tí ó yẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Síbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú ìdílé rẹ̀ lẹ́yìn náà, Adóníjà àti Jóábù sì kú. Bí àwọn ọmọ ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ bá lè dé ibi tí wọ́n dé nítorí ọ̀rọ̀ tí baba kò sọ lásìkò, kò yẹ kí ìyá kankan sọ pé àwọn ọmọ tòun fẹ́ràn ara wọn, wọn kò lè jà.

Ti Olúwa ni ilẹ̀ àti ẹ̀kún rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Orin Dáfídì 24 ti wí, ìríjú ni ìyá sì jẹ́ lórí ilé, ilẹ̀, ọjà àti owó tí ó ní. Ìríjú kò lè sọ pé iṣẹ́ òun parí nítorí pé eegun òun ti ń ro òun. Obìnrin inú Òwe 31 yẹ oko wò kí ó tó rà á. Irú ojú kan náà ni ó yẹ kí a fi wo bí oko náà yóò ṣe dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí tí ó kọ orúkọ àwọn oníbàárà tí ó jẹ ẹ́ lówó sí, ṣùgbọ́n inú orí ìyá náà nìkan ni iye tí òun náà jẹ àwọn aláró wà. Ó ń dá àjọ, ó ní owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ti ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú kí Òṣogbo tó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Rìsíìtì ilẹ̀ náà, tí ìlà ibi tí a ti ká a ti fẹ́ já, wà láàárín ewé Bíbélì rẹ̀. Bí ìyá yìí bá sùn tí kò jí, àwọn aláró tí wọ́n fi ọkàn tán an lè má rí owó wọn gbà, bẹ́ẹ̀ Orin Dáfídì 37:21 pe ẹni tí ó yá tí kò san padà ní ènìyàn búburú. Ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ ṣí Bíbélì náà ni yóò mú rìsíìtì.

Bí kò bá sí ìwé, tí a sì tẹ̀lé òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ilé àti ilẹ̀ ìyá yóò di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, dáwódù yóò sì máa ṣe olórí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè dá tà á. Èyí dára bí ohùn wọn bá ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ obìnrin tí ó tọ́jú ìyá títí dé òpin lè bá ara rẹ̀ ní ìta ilé tí ó ti ń tọ́jú ìyá. Owó tí ó wà ní báǹkì yóò sì dúró títí a ó fi gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ẹni tí àwọn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ wọn jù ni yóò jogún owó náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí báǹkì lè kàn sí ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí, kò sọ ọ́ di àrólé.

Ìbẹ̀rù mìíràn ni pé bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀ pé a ti kọ ọ́, wọn yóò gba ilé lọ́wọ́ ẹni. Hébérù 9:17 fúnra rẹ̀ sọ pé ìwé ogún kò ní agbára nígbà tí ẹni tí ó ṣe é bá wà láàyè, ohun tí òfin ìjọba sì sọ náà nìyẹn. Ìyá lè ta ilé náà lọ́la, ó lè fa ìwé ya, ó sì lè kọ òmíràn. Èyí tí ó kọ gbẹ̀yìn ni a ó tẹ̀lé. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó fi ilẹ̀ ẹbí, tàbí ilé tí ó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú, fún ẹnikẹ́ni bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Nítorí náà, ó yẹ kí opó kọ́kọ́ ya ohun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkọ fi sílẹ̀, ó sì dára kí lọ́yà bá a wò ó.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìjọ. Fífi nǹkan sílẹ̀ fún iṣẹ́ Olúwa dára, ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ tí ó bá ń lọ bá ìyá arúgbó ní ìyẹ̀wù pé kí ó fi ilé rẹ̀ fún ìjọ ti ṣẹ̀ sí i. Jésù dá àwọn tí ń jẹ ilé opó run lẹ́bi, ó sì bá àwọn tí ń fi ọrẹ Ọlọ́run bojú láti má ṣe tọ́jú òbí wọn wí. Kí ìyá má ṣe kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsọjí tàbí lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá gbóná.

Ewu gidi tí ó wà nínú ìdádúró ni pé òfin fẹ́ kí ọkàn ẹni tí ń kọ ọ́ pé, kí ó mọ ohun tí ó ní àti àwọn tí ó yẹ kí ó rántí. Nígbà tí iyè bá ti ń rá, tí ìyá ń pe ọmọ kan ní orúkọ èkejì, ẹnikẹ́ni lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí ó sọ pé kò mọ ohun tí ó fọwọ́ sí. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ó bá ń fọwọ́ sí i, àwọn náà a sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò jogún nínú rẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀bùn tí a kọ fún ẹni yẹn yóò bọ́ sọnù. Ìyá tí kò mọ̀wé lè tẹ ìka, bí a bá ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní èdè tí ó gbọ́, tí a sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé a ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, a lè fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ lọ́yà tàbí sí ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún ní ilé ẹjọ́ gíga tí ó wà ní Òṣogbo níbí, kí ìyá sì sọ fún ẹni tí ó yàn láti mú un ṣẹ pé ibẹ̀ ni ó wà.