Mílì Mélòó Ló Wà Nínú Òbìrí Kan?

Ìròyìn ogun Ukraine kì í yéé sọ bí ọta àgbá ṣe ń lọ jìnnà tó. Bí wọ́n ṣe ń dojú àgbá kọ ibi tó yẹ ni wọn kì í sọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Dígírì tí a kọ́ nílé ìwé, tí 360 rẹ̀ wà nínú òbìrí kan, ti fẹ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹnu àgbá bá fi dígírì kan péré yà, ọta rẹ̀ á fi nǹkan bíi mítà 175 tàsé ní kìlómítà 10. Òótọ́ ni pé dígírì ṣe é gé sí ọ̀nà 60, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fi ìdá ọgọ́ta ṣe ìṣirò nígbà tí ọ̀tá ń yìnbọn padà? Mílì, ìwọ̀n igun tó kéré gan-an sí dígírì, ni àwọn oníbọn àgbá ń lò. Ní kìlómítà kan, igun tó jẹ́ mílì kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan. Ká ní alóre rí i pé ọta fi mílì 40 bọ́ sápá ọ̀tún, tí ibẹ̀ sì jìnnà sí i ní kìlómítà 3: 40 lọ́nà 3, mítà 120 nìyẹn. Á ké sí wọn kí wọ́n fi mítà 120 sún un sósì. Bí awò rẹ̀ bá tiẹ̀ fọ́, kó na apá rẹ̀ gbọọrọ kó sì gbé ìka kan sókè. Ìka yẹn bo nǹkan bíi mílì 30.

Mílì yìí ò wá rí bákan náà níbi gbogbo. Ká tẹ̀ lé ìṣirò gan-an, mílì 6,283 àti díẹ̀ ló yẹ kó wà nínú òbìrí. Nọ́ńbà tí kò ṣe é pín rárá! NATO sọ ọ́ di 6,400, tó ṣe é pín sí méjì léraléra títí dé 100. Soviet mú 6,000, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní méjì méjì: 15-00 ni ìdá mẹ́rin òbìrí. Sweden lo 6,300 nígbà kan rí. Tiwọn ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Lọ́dún 2022, àgbá M777 tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ dé bá àwọn àgbá D-30 ayé Soviet lọ́wọ́ ọmọ ogun Ukraine. Ìdá mẹ́rin òbìrí jẹ́ 1,600 lórí M777, ó sì jẹ́ 1,500 lórí D-30. Ẹni tó bá gbé 1,500 ti D-30 sórí M777 bẹ́ẹ̀ á fi nǹkan bíi mítà 980 tàsé ní kìlómítà 10. Láti yí ti NATO sí ti Soviet, ẹ yọ ìdá mẹ́rìndínlógún rẹ̀ kúrò. Láti yí i padà, ẹ fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un.

Ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ń dojú àgbá kọ ibi tó yẹ ni àṣìṣe yìí ń ṣe ọṣẹ́. Nínú àtúnṣe kéékèèké kò fi bẹ́ẹ̀ léwu: mílì 20 ti NATO kò yàtọ̀ sí 20 ti Soviet ju mílì kan àti díẹ̀ lọ.