Téèpù aláwọ̀ tí àwọn asáré ń lẹ̀ mọ́ orúnkún: bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ẹni tó bá dúró létí adágún Jabi tàbí ní àwọn òpópónà gbọọrọ Maitama ní Àbújá lè rí àwọn asáré tí wọ́n lẹ téèpù búlúù, dúdú tàbí pupa mọ́ orúnkún, ojúgun tàbí ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ ni pé téèpù náà di ẹsẹ̀ mú, pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ibi tó ń dùn, àti pé ibẹ̀ yóò tipa bẹ́ẹ̀ san. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò wà níbi tí àwọn ènìyàn rò pé ó wà. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń yọ lẹ́nu nílò láti mọ ibi tó wà gan-an, kí ó má baà fi oṣù mẹ́ta lẹ téèpù mọ́ ohun tí téèpù kò lè wò.

Téèpù yìí yàtọ̀ sí èyí tó funfun tó sì le, tí àwọn onímọ̀ físíò fi ń di ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́. Èyí tó le kì í nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí oríkèé yí kọjá ibi tó yẹ, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti máa ń dẹ̀ láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Òwú ni wọ́n fi hun èyí tó láwọ̀, tó ń nà, pẹ̀lú fọ́nrán tín-ínrín tó ń fà bí rọ́bà nínú rẹ̀. Wọ́n to gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi, ooru ọwọ́ tí a bá fi pa á ló sì ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà mú. Ó lè fi ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju bí ó ṣe wà lọ, ṣùgbọ́n òró nìkan ló ń nà sí, kì í nà sí ìbú. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe. Dúdú kò lágbára ju búlúù lọ.

Kenzo Kase, ará Japan kan tó ń fi ọwọ́ tọ́jú eegun àti oríkèé, ló ṣe é jáde ní nǹkan bí ọdún 1979. Ìdíje Òlíḿpíìkì ti Beijing ní ọdún 2008 ló gbé e dé ojú gbogbo ayé, nígbà tí Kerri Walsh ti Amẹ́ríkà gba góòlù nínú bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá orí iyanrìn pẹ̀lú téèpù dúdú lẹ́jìká. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí asáré lásán náà ń rà.

Àlàyé tí wọ́n fi tà á ni pé bí wọ́n bá nà án díẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, yóò fẹ́ padà sí bí ó ṣe wà, yóò sì ká awọ ara sókè ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ní àyè yóò ṣí lábẹ́ awọ náà, ẹ̀jẹ̀ àti omi tó ń fa wíwú yóò sì rí ọ̀nà kọjá. Ó dùn ún gbọ́, a sì lè dán an wò. Ní ilẹ̀ Brazil, àwọn onímọ̀ físíò kó ènìyàn 148 tí ẹ̀yìn ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́ jọ, wọ́n sì ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì: wọ́n na téèpù ti apá kan kí awọ ara lè ká, wọ́n sì lẹ ti apá kejì láìnà án rárá. Àwọn méjèèjì ni ara tù, kò sì sí èyí tó tù ju ìkejì lọ. Bí kíká awọ ara bá ni ó ń ṣiṣẹ́ náà, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014 tí èsì yẹn jáde, àtúnyẹ̀wò ìwádìí 12 tó kó ènìyàn 495 pọ̀, lórí oríṣiríṣi ìrora orúnkún, ẹ̀yìn, ọrùn àti èjìká, parí sí i pé kò sí ẹ̀rí tó tó láti máa lò ó fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ti agbára ńkọ́? Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Hong Kong lẹ téèpù náà mọ́ itan àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n sì sọ fún wọn pé ẹ̀rọ tó ń wọn iṣẹ́ iṣan ni. Agbára itan wọn kò yí padà.

Síbẹ̀, asáré tó sọ pé ìrora òun dínkù lẹ́yìn tí òun lẹ̀ ẹ́ kì í purọ́. Bí ọmọ bá fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ síbi tó dùn ún, yóò sì máa fi pa á, ara yóò sì tù ú díẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó dé. Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé irú ohun yìí ní ọdún 1965: ìròyìn ìfọwọ́kàn àti ìròyìn ìrora jọ ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ, bí ti ìfọwọ́kàn bá sì pọ̀, ó máa ń dí ọ̀nà mọ́ ti ìrora. Téèpù tó ń fa awọ ara jẹ́jẹ́ ní gbogbo ìgbésẹ̀ lè máa ṣe bí ọwọ́ ọmọ yẹn. Ó tún ń rán asáré létí orúnkún rẹ̀, ó sì ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé a ti ṣe nǹkan sí i. Ọkàn tó balẹ̀ kì í jẹ́ kí ara le gan-an. Èrè tó wà níbẹ̀ kéré, kì í sì í pẹ́, àmọ́ èrè ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni ìṣirò ẹrù tí ẹsẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá sáré kìlómítà 10 ní wákàtí kan yóò gbé ẹsẹ̀ tó 10,000 ìgbà, nígbà kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ sì ń fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lu ẹsẹ̀ náà padà. Ní okùn iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Achilles, agbára tó ń fà á nígbà eré lè tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́jọ ìwúwo ara. Ẹni tó bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ láti apá òkè Katampe tún ń di ẹrù kún ti orúnkún, nítorí iṣan itan ni ó ń dá gbogbo ara dúró bí ó ṣe ń já wálẹ̀. Kí ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ọmọdé lè fà gùn fẹ́ dì mú níbẹ̀? Ìpalára eré sísá, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, máa ń wáyé nítorí pé ẹrù pọ̀ ju ohun tí iṣan, okùn iṣan tàbí eegun ti kọ́ láti gbé: ẹni tó ń sáré kìlómítà 15 lọ́sẹ̀ sọ ọ́ di 40 nítorí ìdíje tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Téèpù kò dín ẹrù náà kù, kò sì fi kún agbára ẹni tó ń rù ú.

Ohun tó ń fi kún agbára náà ni ìdárayá tí a ṣe díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Fún Achilles, Håkan Alfredson ti ilẹ̀ Sweden gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní ọdún 1998 tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní: kí ẹni náà fi iwájú ẹsẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, kí ó jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ nígbà 15, kí ó ṣe é ní ọ̀wọ́ mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún nínà àti mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àtẹ̀gùn ilé èyíkéyìí ní Gwarinpa tàbí Kubwa tó fún un. Fún ìrora iwájú orúnkún, ìdárayá tó ń fún iṣan ìbàdí àti ti itan lágbára ló ní ẹ̀rí jù. Níbí ni téèpù ti lè rí àyè tirẹ̀: bí ó bá dín ìrora kù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà fi lè ṣe ìdárayá tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fọ ibẹ̀, kí ó gbẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, tí òrí kì í kúrò lára ènìyàn ní Àbújá, ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. A máa ń fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ kí ó rí róbótó, kí ó má baà tètè ṣí, a kì í sì í na ìwọ̀n ìka méjì tó wà ní orí àti ìdí rẹ̀. Ó lè wà lára fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, tí ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 35, òógùn lè ṣí i kí ọjọ́ yẹn tó pé. Kò yẹ kí a fi òróró tó ń ta ni lára pa abẹ́ rẹ̀, nítorí ó lè bó awọ. Bí ibẹ̀ bá ń yún ni, kí a yọ ọ́. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, àbàwọ́n dúdú tó máa pẹ́ kó tó lọ ni a sábà máa ń rí lẹ́yìn náà. Àdí àgbọn ni kí a fi rin ín kí a tó rọra yọ ọ́.

Àwọn ìrora kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi téèpù bò. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó sì ń dùn láìjẹ́ pé ó gbá nǹkan lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, láìfi ọwọ́ ra á rárá. Ìrora ojúgun tó tàn ká lọ gbọọrọ sábà máa ń rọ̀ bí a bá dín eré kù. Ṣùgbọ́n èyí tí orí ìka kan ṣoṣo lè bò, tó ń dùn nígbà tí ènìyàn kàn ń rìn, tó sì ń jí i lóru, lè jẹ́ eegun tó ti ń sán, bí téèpù bá sì mú kí ó lè máa sáré lọ, eegun náà lè dá. Kí ó dá eré dúró, kí ó sì lọ rí dókítà. Fọ́tò eegun lásán lè má fi sísán náà hàn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tí wọ́n sọ fún pé fọ́tò rẹ̀ mọ́, tí ojú kan náà ṣì ń dùn, gbọ́dọ̀ padà lọ.