Símẹ́ǹtì Líle Kọ́ Ni Ẹ̀rí Pé Wọ́n Tún Ṣímínì Yín Ṣe Dáadáa

Bí bíríkìlà bá ti sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé, tí onílé gbójú sókè tó rí símẹ́ǹtì tuntun yọ̀ọ̀ lára ṣímínì, ìyẹn ọ̀nà èéfín tí wọ́n fi bíríkì mọ yọ lórí òrùlé, ó tán nìyẹn. Wọ́n á ní ó le koko, wọ́n á sanwó. Ìgbàgbọ́ pé bí símẹ́ǹtì bá ṣe le tó ni iṣẹ́ ṣe dára tó ti ba ọ̀pọ̀ ṣímínì jẹ́, abẹ́ rẹ̀ sì ni iṣẹ́ jákujàku máa ń sá pamọ́ sí.

Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lórí símẹ́ǹtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí símẹ́ǹtì yìí tó gbòde, láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n fi iná sun, ni wọ́n ń pò mọ́ iyanrìn láti fi to bíríkì. Láìmù rọ̀ ju bíríkì lọ, ó sì ń jẹ́ kí omi rọ́nà jáde. Òjò á rọ̀, bíríkì á mu omi, atẹ́gùn á fẹ́, omi náà á gba láìmù tó wà láàárín bíríkì kan sí èkejì jáde padà. Tó bá yá, láìmù á gbó, wọ́n á họ ọ́ kúrò, wọ́n á fi òmíràn sí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn: kó gbó, kí bíríkì má baà gbó.

Tí ẹnì kan bá wá di àárín bíríkì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú símẹ́ǹtì líle, omi ò ríbi gbà mọ́ àfi ojú bíríkì fúnra rẹ̀. Níbi tí òtútù ti ń mú, omi tó bá dì sínú bíríkì máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì máa ti ojú bíríkì jáde ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ sún mọ́ irú ṣímínì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan: bíríkì ti jẹ wọnú, ìlà símẹ́ǹtì nìkan ló yọ síta bí egungun ìhà. Símẹ́ǹtì yẹn á ṣì wà digbí. Onílé á wá máa bínú sí bíríkì, bẹ́ẹ̀ bíríkì ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé símẹ́ǹtì burú o. Bíríkì òde òní tó le, tí wọ́n fi símẹ́ǹtì tò láti ìbẹ̀rẹ̀, símẹ́ǹtì náà ló bá a mu.

Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ họ nǹkan kan kúrò. Wọ́n kàn rẹ́ símẹ́ǹtì fẹ́lẹ́ lé èyí tó ti gbó. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Iṣẹ́ gidi máa ń họ àárín bíríkì wọlé, ó kéré tán ìlọ́po méjì fífẹ̀ àlàfo náà. Bí àlàfo bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, kí ó wọlé tó 2. Bí ìṣó kékeré bá lè ṣí ojú rẹ̀ kúrò bí èèpo, tí abẹ́ ń ṣàn bí iyanrìn, wọn ò tún un ṣe.

Ẹ wo ibi tí ṣímínì ti yọ lórí òrùlé pẹ̀lú. Etí òjé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dí òjò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ àárín bíríkì. Bó bá jẹ́ ọ̀dà dúdú ni wọ́n kùn yí i ká, oòrùn á là á, òjò á wọlé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni inú ihò èéfín, torí ẹwà ìta ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí inú bá là, carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara iná jáde, lè wọ inú yàrá. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín nígbà tí iná ń jó, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá jáde síta, ẹ pa iná, kí gbogbo ará ilé bọ́ síta, kí ẹ sì wá ìtọ́jú kíákíá.

Tí iṣẹ́ ò bá dáa, ẹ má tíì pe bíríkìlà mìíràn pé kó wá fọ́ ọ, torí ẹ̀rí yín lẹ ń fọ́ yẹn. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ gbé rúlà sí i kó hàn. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, ẹ sọ ibi tó kù sí, ẹ fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá. Bó bá ń jiyàn, ẹ pe ẹlòmíràn tó mọ ṣímínì, tí kì í ṣe òun ló máa gba iṣẹ́ náà, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré fi ẹ̀rọ gé símẹ́ǹtì líle kúrò lára bíríkì tó rọ̀: ẹ̀rọ á gé bíríkì mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, ó sàn kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Kí iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n máa pò àti bí wọ́n ṣe máa họ ọ́ jìn tó sínú àdéhùn, kí díẹ̀ nínú owó sì wà lọ́wọ́ yín títí òjò ńlá á fi rọ̀ sí i.