Ẹ yé pè é ní bàsíà odò

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, mo ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kà á ní àwọn aṣojú ìlú méjì ti pàdé lórí "ìfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ìdàgbàsókè tó ṣe é gbé nínú bàsíà odò tí wọ́n jọ ni". Ìyàwó mi gbé ojú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Bàbá Ìbejì, bàsíà ta ni wọ́n fẹ́ gbé?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi. Bassin ni Faransé sọ, ìyẹn gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú odò kan; bassine ni ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ gbọ́, èyí tí à ń fi fọ aṣọ. Bàsíà ní etí, ó ní ìdí, ó ṣe é rù. Omi inú rẹ̀ dúró sójú kan, ẹni tó ni ín ló sì ń dà á nù nígbà tó bá wù ú. Èwo nínú ìwà wọ̀nyí ni odò Wémè ní?

Agbolé odò lèmi ń pè é. Ẹ rántí ilé àtijọ́, tí òrùlé yí àgbàlá ká, tí gbogbo wọn sì dagẹ̀rẹ̀ sínú. Bí òjò bá dé, èyí tó bọ́ sórí yàrá ìyá àgbà, èyí tó bọ́ sórí yàrá àbúrò bàbá, títí kan èyí tó bọ́ sórí ibi tí à ń so ewúrẹ́ sí, inú ìkòkò kan náà láàárín àgbàlá ni wọ́n ń ṣàn sí. Àwa ará Kétu, tí omi ilẹ̀ jìn sí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé èyí fún wa. Ìkòkò yẹn ni odò. Agbolé ni gbogbo òrùlé tó ń da omi sí i. Ẹni tó bá da eérú sórí òrùlé tirẹ̀, omi mímu gbogbo ilé ló dà á sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣábẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní àfonífojì odò ló yẹ ká máa wí. Mo bi í léèrè: ẹni tó ń gbin òwú lórí òkè ní apá Tchaourou, ṣé inú àfonífojì ló wà? Kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá fọ oògùn òwú rẹ̀, ọ̀nà odò ló ń gbà lọ. Ṣábẹ̀ tirẹ̀ gan-an wà láàárín Wémè àti Òpárá, Òpárá yìí kan náà ló sì pààlà àwa àti Nàìjíríà níbì kan. Omi tó rọ̀ sí òdìkejì ààlà ń bá a wọ inú Wémè láìgba ìwé ìrìnnà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, lápá Aguégués, mọ èyí ju àwa olùkọ̀wé lọ. Ní oṣù kẹjọ, òjò a máa sinmi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), síbẹ̀ odò á máa wú. Òjò àríwá ni, ó ti rin ọ̀nà jíjìn lórí odò tó gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà kó tó kàn wọ́n.

(Àwọn kan tún fẹ́ kí n ya agbolé odò ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára ti odò kékeré tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Yàrá inú ilé ni ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.)

Ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ ló bá mi jà dáadáa. "Ilẹ̀ ìṣàn omi" ni tirẹ̀. Ó tọ̀nà, kò kàn sọ fún wa pé èèyàn ń gbé ibẹ̀ ni. Ó wá dá mi lóhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n, agbolé ní baálé. Ta ni baálé odò?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Odò kò ní baálé. Ìjọba mẹ́sàn-án, tiwa náà wà níbẹ̀, ló ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ Odò Ọya. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní 1964, wọ́n sọ ọ́ di àjọ tó wà ní Niamey títí dòní ní 1980, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn omi ní 2008. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ẹnì kejì nínú wọn. Àlùjéríà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òrùlé tirẹ̀ wà nínú agbolé yẹn, gbígbẹ ló gbẹ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ìjùmọ̀pète, n kì í sọ pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Wọ́n lè mọ ògiri tán kí wọ́n tó ké sí ọ pé wá fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá pète ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó da ìpìlẹ̀. Ẹ wo odò Mono: Tógò ni ìdídò Nangbéto, ògiri tí wọ́n fi sé odò náà, wà, àwa àti Tógò la jọ ni ín, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1987, iná rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì. Àjọ tí yóò máa bójú tó gbogbo agbolé odò náà, 2014 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Wọ́n ti gbé ìdérí lé ìkòkò fún ọdún 27 kí wọ́n tó pe ìpàdé ilé. Wọ́n ní olè ló ń pète. Àwọn tó ń kọ́ ilé ńkọ́?

"Tó ṣe é gbé", tí wọ́n fi túmọ̀ durable Faransé, ohun tó lè máa wà pẹ́, ni kò tọ́ sí àríyànjiyàn rárá. Àlòṣẹ́kù ni: lo omi kí ó ṣẹ́ kù fún ẹni ìsàlẹ̀ odò àti fún ọmọ tí a kò tíì bí. Ìjùmọ̀pète fún omi àlòṣẹ́kù nínú agbolé odò. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè ìbéèrè kankan.

Mo kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, mo fi rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí ọ̀dọ́mọkùnrin rédíò yẹn. Èsì rẹ̀ dé: òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun ní agbolé gùn ju bàsíà lọ. Mo fi ọmọ ìka kà á. Sílébù mẹ́ta ni bàsíà. Sílébù mẹ́ta ni agbolé.