Ìlọ́po Méjì Èló?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣàlàyé èsì ìwádìí ìlera fún àwọn akọ̀ròyìn. Bí olùwádìí bá ti ní nǹkan kan sọ ewu di ìlọ́po méjì, ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé: ìlọ́po méjì èló? Bí kò bá dáhùn ìyẹn, kò tíì jábọ̀ tán.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ààbò oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tuntun kan, oníhóró tí obìnrin ń gbé mì, ń mú kí ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ṣáájú wọn. Kì í ṣe irọ́ rárá. Àmọ́ ẹ wo iye tó wà nídìí rẹ̀. Nínú 7,000 obìnrin tó bá lo ti àtijọ́ fún ọdún kan, bí ẹnì kan ni ẹ̀jẹ̀ á dì fún. Tó bá jẹ́ tuntun ni wọ́n lò, bí ẹni méjì. Ẹ̀jẹ̀ ò dì fún 6,998 tó kù. Oyún fúnra rẹ̀ sì ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì ju oògùn méjèèjì lọ!

“Ìlọ́po méjì” ni ìwé ìròyìn gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Jìnnìjìnnì bo àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ sì pa oògùn tì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé oyún ṣíṣẹ́ fi nǹkan bí 13,000 lé sí i ní England àti Wales. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí pé ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe nítorí àwọn obìnrin yìí ló padà kó bá wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùwádìí, ẹ máa fi orí ènìyàn kà á fún wa: ẹni mélòó tẹ́lẹ̀, ẹni mélòó báyìí, nínú iye ènìyàn kan náà, láàárín àkókò kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bó bá jẹ́ ìròyìn ayọ̀, torí oògùn tó “dín ikú kù ní ìdajì” lè jẹ́ pé ẹnì kan péré ló yọ nínú 10,000. Bó bá sì jẹ́ oògùn tí aráàlú ń lò lọ́wọ́ ni, ẹ jẹ́ kí dókítà àti nọ́ọ̀sì gbọ́ kí rédíò tó gbọ́, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ẹni tí ẹ̀rù bá bà máa sá lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.